Etí ni kí ẹ kọ́kọ́ tà á fún: bí òǹkọ̀wé Yorùbá ṣe lè kó òǹkàwé jọ lórí ayélujára

Ẹ̀dà 300 ni mo kó kúrò ní ilé ìtẹ̀wé ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn, nígbà tí ìwé mi àkọ́kọ́ jáde. Mo tò wọ́n sórí búlọ́ọ̀kù nínú yàrá kí òjò má baà ba ti ìsàlẹ̀ jẹ́, mo ya fọ́tò èèpo ẹ̀yìn rẹ̀, mo gbé e sí Facebook. Ẹ ò rí i bí ìkíni ṣe ń rọ́ wọlé. “Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ.” “Ọlọ́run á jẹ́ kó tà.” “Èmi á ra márùn-ún.” Nígbà tí ọ̀sẹ̀ yẹn fi máa parí, ìwé mẹ́fà péré ló kúrò nílẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ló sì ra méjì nínú wọn.

Màmá kan tó ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà ló là mí lójú. Wọ́n ní kí n má bínú, àwọn fẹ́ràn Yorùbá, ṣùgbọ́n ojú àwọn ò gba ìwé kíkà lálẹ́ mọ́, ṣé mo lè ka díẹ̀ fáwọn. Mo ka ojú ìwé kan sórí WhatsApp, mo fi ránṣẹ́. Màmá fi ohùn náà ránṣẹ́ sí gúrúùpù àwọn tí wọ́n jọ jáde ilé ẹ̀kọ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́, nọ́ńbà mọ́kànlá tí n kò mọ̀ rí ti ń béèrè pé “Èló ni?”, wọ́n sì tún ń béèrè pé kí ló ṣẹlẹ̀ sí ọmọbìnrin yẹn nígbà tó ṣílẹ̀kùn.

Ibẹ̀ ni mo ti mọ ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín. Ọ̀pọ̀ àwọn tó nífẹ̀ẹ́ èdè wa jù, etí ni wọ́n fi ń gbádùn rẹ̀. Wọ́n ń gbọ́ ọ ní rédíò, nínú wáàsí, ní ṣọ́ọ̀ṣì, lẹ́nu ìyá wọn. Bí ẹ bá gbé ojú ìwé tí àmì ohùn kún fún síwájú wọn, wọ́n á ní “Háà, Yorùbá yìí jinlẹ̀ o,” wọ́n á sì dà á dé. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ, tí ìtàn náà ti wọ̀ wọ́n lára, wọ́n á rọra kà á, wọ́n á sì kà á tán. Nítorí náà, etí ni kí ẹ kọ́kọ́ tà á fún, kí ẹ tó tà á fún ojú. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ tò sílẹ̀ yìí, orí ọ̀rọ̀ yẹn ló dúró lé.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ ra nóòtìbúùkù kan

Ẹ rà á nígbà tó bá ku oṣù mẹ́rin kí ìwé yín dé ilé ìtẹ̀wé. Orúkọ, nọ́ńbà fóònù, ìlú tí onítọ̀hún ń gbé, ẹni tó mú yín mọ ara yín, àti irú ìtàn tó fẹ́ràn, ohun tí ẹ ó máa kọ síbẹ̀ nìyẹn. Ẹ kọ ọ́ sórí bébà gan-an, torí fóònù a máa sọnù.

Ìdí rẹ̀ ni pé àwọn tó tẹ̀lé yín lórí Facebook tàbí Instagram, ọmọ ilé onílé ni wọ́n. Onílé lè ti ìlẹ̀kùn nígbà tó bá wù ú. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí wa rí ní Nàìjíríà. Láti 2013 ni OkadaBooks ti ń bá àwọn òǹkọ̀wé ta ìwé orí fóònù, àìmọye ìwé ló sì wà níbẹ̀. Ní ìparí oṣù kọkànlá ọdún 2023, wọ́n ti ibẹ̀ pa. Òǹkọ̀wé tí orúkọ àwọn òǹkàwé rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ kàn kó wọn lọ síbòmíràn ni. Ẹni tí kò mọ ẹni tó ń ka ìwé òun tún padà lọ bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ má ra nọ́ńbà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ má sì fi ẹnikẹ́ni sínú gúrúùpù láìkọ́kọ́ béèrè; bí ọ̀pọ̀ èèyàn bá fẹjọ́ nọ́ńbà yín sun WhatsApp, wọ́n lè tì í pa. Ẹ béèrè nígbà tí ẹ bá jọ ń sọ̀rọ̀: níbi ìsọmọlórúkọ, nínú ọkọ̀, lẹ́yìn ìsìn. Ẹ ní, “Mò ń kọ ìtàn kan lọ́wọ́, ṣé kí n máa kà díẹ̀díẹ̀ ránṣẹ́ sí yín?” Ẹni tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ti yín ni.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀. WhatsApp fún wa láyè láti fi ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́ sí èèyàn 256 lẹ́ẹ̀kan náà lórí ohun tí wọ́n ń pè ní broadcast, tí yóò dé ọ̀dọ̀ kálukú bí ẹni pé òun nìkan lẹ kọ ọ́ sí. Ṣùgbọ́n kò ní dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò bá fi nọ́ńbà yín pamọ́ sórí fóònù tirẹ̀. Mo fi oṣù kan gbáko kàwé ránṣẹ́ sí àwọn tí kò gbọ́ nǹkan kan, mo sì ń rò pé wọn ò ka èmi sí. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ tí ẹ ó kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ kò gbọdọ̀ jẹ́ ti ìwé rárá. Bí mo ṣe ń kọ tèmi nìyí:

“Ẹ káàsán mà. Èmi ni òǹkọ̀wé tí a jọ sọ̀rọ̀ níbi ìsọmọlórúkọ ọjọ́ Sátidé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi nọ́ńbà yìí pamọ́, torí bí kò bá sí lórí fóònù yín, ìtàn tí mo ṣèlérí kò ní dé ọ̀dọ̀ yín. Tí ẹ bá ti fi pamọ́, ẹ dáhùn pé ‘Ó ti wà níbẹ̀.’”

Ẹni tó bá dáhùn, ẹ sàmì sí orúkọ rẹ̀ nínú nóòtìbúùkù. Ọgbọ̀n èèyàn tó dáhùn sàn ju ẹgbẹ̀rún tó kàn tẹ àmì ọkàn sábẹ́ fọ́tò lọ.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ múra ìwé sílẹ̀ fún ojú fóònù

Fóònù ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa kọ́kọ́ rí ìwé yín. Kí ẹ tó gba èèpo ẹ̀yìn ìwé lọ́wọ́ ẹni tó yà á, ẹ gbé e sórí fóònù, kí ẹ sún un kéré títí yóò fi tó èékánná àtàǹpàkò. Bí ẹ kò bá lè ka orúkọ ìwé mọ́, ẹ dá a padà. Àwòrán fìlà, ilé, odò, òṣùpá àti ẹṣin lórí èèpo kan ṣoṣo ti pọ̀ jù.

Àmì ohùn ńkọ́? Ẹ jẹ́ kó pé lórí ìwé. Ìwé Yorùbá tí kò ní àmì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ àlọ́ pípa fún ẹni tó ń kà á. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń wá ìwé lórí Google tàbí Facebook kì í tẹ àmì. Orúkọ ìwé mi ni Ìlẹ̀kùn Ẹ̀yìnkùlé. Nínú gbogbo ohun tí mo bá gbé síta, mo máa ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, n ó sì tún kọ “Ilekun Eyinkule” sísàlẹ̀. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ń sọ pé “Mo wá a wá a, n ò rí i” tó dákẹ́.

Ẹ sì yẹ ọ̀rọ̀ yín wò lórí fóònù àtijọ́ méjì kí ẹ tó tú u síta. Àwọn lẹ́tà kan tí a fi fọ́ǹtì ayé ọjọ́un tẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà máa ń di àpótí òfìfo lórí fóònù ẹlòmíràn. Bọ́tìnnì Yorùbá wà lórí Gboard, áàpù tí Google ṣe fún títẹ ọ̀rọ̀ lórí fóònù, lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ fi í tẹ ọ̀rọ̀ yín, ọ̀pọ̀ fóònù á gbà á.

Ní ti ISBN, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá ìwé kọ̀ọ̀kan mọ̀, ọ̀dọ̀ Ilé Ìkàwé Àpapọ̀ Nàìjíríà ni wọ́n ti ń gbà á, òfin sì ní kí ẹni tó tẹ ìwé jáde fún wọn ní ẹ̀dà mẹ́ta. Ẹ tètè gbà á, torí àwọn ilé ìtàwé ńlá máa béèrè rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ kà á

Níbí ni kí ẹ fara balẹ̀ sí jù.

Ẹ má kàn ṣí orí kìíní kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ẹ wá ibi tí ọ̀rọ̀ ti le, ibi tí ẹni tó ń gbọ́ ò ní lè mí kanlẹ̀. Ìṣẹ́jú kan àbọ̀ ti tó. Bó bá kọjá méjì, ẹni tó wà nínú ọkọ̀ á ní òun á gbọ́ ọ tóun bá délé, kò sì ní rántí mọ́.

Yàrá tí ẹ wà ṣe pàtàkì ju fóònù lọ. Bí ẹ bá kà á ní pálọ̀ tí wọ́n fi táìsì tẹ́, ohùn yín á máa dún bíi ti ẹni tó wà nínú kànga. Yàrá tí bẹ́ẹ̀dì wà, tí aṣọ gbé kọ́ sára ògiri, ló dáa, torí aṣọ àti tìmùtìmù máa ń gbé ariwo mì. Ẹ pa fáànù. Ẹ gbé fóònù sí flight mode kí ìpè má baà já lù yín. Ẹ lè gba ohùn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó tan nẹ́tíwọọ̀kì padà. Ẹ fi àyè tó tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan sáàárín ẹnu àti fóònù, kí ẹ sì yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, torí bí “p” àti “gb” bá ti ń jáde, atẹ́gùn wọn máa ń lu fóònù. Ìdájí lèmi fẹ́ràn, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti pe ìrun tán, kí ọkọ̀ tó máa fọn fèrè.

Ẹ má kà á bí ẹni tó ń ka ìròyìn. Ẹ sọ ọ́ bí ẹ ṣe máa sọ ọ́ fún àbúrò yín ní ẹ̀yìnkùlé. Ibi tí mo kà fún màmá tíṣà parí báyìí:

“Ìlẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé kì í dún lálẹ́. Bàbá fúnra wọn ni wọ́n fi epo pa irin rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ó dún lẹ́ẹ̀mejì. Àdùkẹ́ gbé àtùpà, ó ṣílẹ̀kùn. Kò sí ẹnikẹ́ni. Bàtà Bàbá ló wà lórí àtẹ̀gùn, èyí tí a wọ̀ sí wọn lẹ́sẹ̀ nínú pósí.”

Mo dákẹ́ síbẹ̀. N kò sọ pé “Láti mọ bó ṣe parí, ẹ ra ìwé.” Ẹ fi bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta sílẹ̀, kí ẹ wá fi ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ dárúkọ ara yín, orúkọ ìwé, àti nọ́ńbà fóònù yín. Inú ohùn náà gan-an ni kí nọ́ńbà wà. Bí ohùn bá ti ọ̀dọ̀ ẹnì kan dé ọ̀dọ̀ ẹnì kejì lórí WhatsApp, ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ sábẹ́ rẹ̀ kì í bá a lọ, orúkọ yín kì í sì í hàn. Mo ti gbọ́ ohùn ara mi rí lórí fóònù ẹnì kan ní Ọ̀yọ́, kò sì mọ̀ pé èmi tí mo jókòó tì í ni mò ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀.

Ohùn kan náà ni kí ẹ gbé lọ sí ilé rédíò. Àwọn ilé rédíò tó ń sọ Yorùbá kò wọ́n n'Ìbàdàn, irú Amuludun FM, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ sì máa ń wá ohun tuntun tí yóò fi kún ètò. Ẹ mú ẹ̀dà méjì dání: ọ̀kan fún un, ọ̀kan fún ẹni tó bá kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè lórí afẹ́fẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ pín ìtàn náà sọ́sẹ̀

Nǹkan yìí kì í ṣe tuntun nílẹ̀ Yorùbá. Láti oṣù keje ọdún 1929 dé oṣù kẹta ọdún 1930, I. B. Thomas, olóòtú Akéde Èkó, ń tẹ ìtàn Ṣẹ̀gilọlá jáde lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ nínú ìwé ìròyìn rẹ̀, bí ẹni pé arábìnrin náà fúnra rẹ̀ ló ń kọ lẹ́tà sí olóòtú. Àwọn òǹkàwé gbà á gbọ́ débi pé wọ́n ń kọ̀wé padà, àwọn kan sì ń fi owó ránṣẹ́ sí i. Ní 1930 kan náà ló di ìwé odindi. Kí ìwé ọ̀hún tó jáde, gbogbo Èkó ti ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Kò sí fóònù lọ́wọ́ Thomas o. Ohun tó ní ni ọjọ́ kan tí kì í yẹ̀, àti òǹkàwé tó láyè láti fèsì.

Ohun méjèèjì yẹn náà lẹ nílò. Ẹ mú ọjọ́ kan àti aago kan. Tèmi ni Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́jọ alẹ́. Ẹ ṣe é fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Tí ẹ bá fẹ́ rìnrìn àjò, ẹ ti gba ohùn náà sílẹ̀ kí ẹ tó lọ. Ọjọ́bọ̀ kan tí mo sùn lọ, èèyàn mẹ́rin ló pè mí, ọ̀kan nínú wọn ní àwọn ọmọ òun ti jókòó yí fóònù ká. Ojú tì mí, inú mi sì dùn dé eegun.

Lẹ́yìn ìkàwé kọ̀ọ̀kan, ẹ béèrè ohun kan ṣoṣo. Kì í ṣe “Ṣé ẹ gbádùn rẹ̀?” torí “Bẹ́ẹ̀ ni” ni ìdáhùn ìyẹn, ọ̀rọ̀ á sì tán síbẹ̀. Ẹ béèrè pé “Bí ẹ bá jẹ́ Àdùkẹ́, ṣé ẹ máa wọlé lọ jí ìyá yín?” Ẹ má sì tú ohun tó ju ìdá kan nínú mẹ́rin ìwé náà síta. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ẹ sọ iye tí wọ́n ń tà á, ọjọ́ tó máa dé, àti pé àwọn tó bá sanwó ṣáájú á rí orúkọ wọn lójú ewé ìdúpẹ́. Àwọn méjìdínláàádọ́ta ló sanwó ìwé mi kejì kó tó kúrò ní ilé ìtẹ̀wé. Owó wọn ni mo fi san ìdajì owó ìtẹ̀wé.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: bí a ṣe ń wọ ilé onílé

Kò sí ohun tó ń ba òǹkọ̀wé lórúkọ jẹ́ bíi kó wọ gúrúùpù lónìí, kó lẹ fọ́tò ìwé àti nọ́ńbà àkáǹtì mọ́ ògiri lọ́la. Àlejò tó wọlé tí kò kí ará ilé, ta ni yóò fún un ní àga?

Ibi tí òǹkàwé wà pọ̀ ju ẹgbẹ́ òǹkàwé lọ. Ẹ wo gúrúùpù àwọn tí ẹ jọ jáde ilé ẹ̀kọ́. Ẹ wo ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, pàápàá bí ìtàn yín bá ṣẹlẹ̀ ní ìlú náà. Ẹ wo àwọn òbí ní London àti Houston tó ń wá ohun tí wọ́n á fi kọ́ ọmọ wọn ní Yorùbá. Ní tèmi o, àwọn tíṣà Yorùbá ló ga jù. Ẹgbẹ́ Akọ́mọlédè àti Àṣà Yorùbá ní ẹ̀ka káàkiri ìpínlẹ̀, tíṣà kan tó bá sì fẹ́ràn ìwé yín á kà á fún odindi kíláàsì, àwọn ọmọ á gbé ìtàn náà délé.

Ẹ fi oṣù méjì àkọ́kọ́ gbọ́, kí ẹ sì máa dá sí ọ̀rọ̀ àwọn ẹlòmíràn. Bí wọ́n bá ń ka ìwé òǹkọ̀wé mìíràn, ẹ ra ìwé náà, ẹ kà á, ẹ sọ ohun tó dùn mọ́ yín nínú rẹ̀ lóòótọ́. Lẹ́yìn náà lẹ tó lè kọ̀wé sí ádímìnì, ní ìkọ̀kọ̀:

“Ẹ kú ojúmọ́ sà. Mo ti ń gbádùn gúrúùpù yìí láti nǹkan bí oṣù méjì. Èmi náà kọ ìtàn kan. Bí ẹ bá gbà bẹ́ẹ̀, mo fẹ́ kà á fún ilé fún ìṣẹ́jú méjì lálẹ́ Sátidé. N kò ní gbé nọ́ńbà àkáǹtì síbẹ̀ rárá. Bí kò bá sì bá òfin ilé mu, kò burú, n ó ṣì máa bá yín gbádùn.”

Àwọn tó kọ̀ fún mi kò tó márùn-ún.

Nígbà tí àwọn tó ti ka ìwé yín bá tó ogún, ẹ dá gúrúùpù tiyín sílẹ̀. WhatsApp gbà kí èèyàn 1,024 wà nínú gúrúùpù kan, àmọ́ ẹ má jẹ́ kíyẹn fà yín lójú. Níbi tí èrò bá ti pọ̀ jù, kò sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ àfi ẹni tó ń tajà. Tèmi jẹ́ mẹ́rìndínlógójì. A máa ń pàdé lẹ́ẹ̀kan lóṣù, fún wákàtí kan, lórí ìbéèrè kan.

Lálẹ́ tí a jíròrò bóyá ó yẹ kí Àdùkẹ́ ṣílẹ̀kùn, bàbá kan láti Ògbómọ̀ṣọ́ ní ọmọ tó bá mọ ìyà bàbá rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣí i. Arábìnrin kan tó ń gbé ní Leeds ní rárá o, ohun tó bá kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mejì láàárín òru, kó kàn án títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Àríyànjiyàn náà gbóná débi pé wọ́n gbé e lọ sórí Status tiwọn, àwọn ará ilé wọn sì ń béèrè pé ìwé wo lẹ ń jà lé lórí yìí. Mi ò sọ ju gbólóhùn kan lọ lálẹ́ yẹn. Òǹkọ̀wé ni kó sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, kó sì sọ díẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá rí àṣìṣe nínú ìwé, ẹ má jà á níyàn. Ẹnì kan rí i pé mo pe ọjọ́ kan ní ọjọ́ ọjà ní ojú ìwé kan, mo sì pè é ní ọjọ́ ìsinmi ọjà ní ojú ìwé tó tẹ̀ lé e. Mo tún un ṣe nínú ìtẹ̀jáde kejì, mo sì fi orúkọ rẹ̀ síbẹ̀. Ó ti ta ìwé tó lé ní ogún fún mi láti ìgbà náà, láìgba kọ́bọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: àwọn ìkànnì yòókù

Ẹ má gbìyànjú gbogbo wọn. Ẹ mú méjì. Facebook lèmi mú, torí ibẹ̀ ni àwọn tó ti lé lógójì ọdún máa ń jókòó sí, àwọn gúrúùpù tó ń sọ̀rọ̀ àṣà àti òwe sì pọ̀ níbẹ̀. Èkejì ni TikTok: ọwọ́ kan ń ṣí ìwé, ohùn yín ń kà, ọ̀rọ̀ náà ń hàn lójú fídíò pẹ̀lú àmì rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tó ní Yorùbá ṣòro kà máa ń fi ojú tẹ̀lé ohùn, láìmọ̀ pé ẹ ń kọ́ wọn ni.

Status orí WhatsApp máa ń wà fún wákàtí 24 péré, nítorí náà ẹ má kó nǹkan mẹ́wàá síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Fọ́tò ẹni tó di ìwé yín mú, tó gbà kí ẹ lò ó, ń tajà ju ìpolówó èyíkéyìí lọ.

Ẹ sàmì sí ọjọ́ méjì lórí kàlẹ́ńdà: 21 oṣù kejì, tí UNESCO yà sọ́tọ̀ fún èdè abínibí, àti 23 oṣù kẹrin, tó jẹ́ ti ìwé. Lọ́jọ́ méjèèjì, àwọn oníròyìn àti ilé ẹ̀kọ́ máa ń wá òǹkọ̀wé Yorùbá tí wọ́n á pè. Ẹ ti kọ̀wé sí wọn ní oṣù kan ṣáájú. Bí Aké, àjọ̀dún ìwé tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 2013 tó wá kó lọ sí Èkó, bá sì dé, ẹ lọ síbẹ̀ pẹ̀lú nóòtìbúùkù yín.

Bí ìwé yín bá wà lórí Amazon, ẹ ṣí ojú ewé òǹkọ̀wé sórí Goodreads, ìkànnì tí àwọn òǹkàwé ti ń sọ èrò wọn nípa ìwé, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ bẹ àwọn tó ti kà á kí wọ́n kọ èrò wọn, ìbáà jẹ́ ìlà méjì, ìbáà jẹ́ Yorùbá. Ẹ má sanwó fún ẹnikẹ́ni láti yìn yín, ẹ má sì jẹ́ kí ìyàwó tàbí ọkọ yín kọ ọ́. Amazon ò gba méjèèjì láyè, wọ́n sì máa ń pa á rẹ́. Fún àwọn tó fẹ́ ìwé bébà ní òkè òkun, owó ìfiránṣẹ́ máa ń ju owó ìwé lọ. Ohun tí mo ṣe ni pé mo fi ẹ̀dà ogún lé ẹni tó ń rìnrìn àjò lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n kan ní London gbà á sílé, òun ló ń fi í ránṣẹ́ láti ibẹ̀.

Owó, ẹrù àti olè

Kí ẹ tó gbé ìwé síta, ẹ wo inú áàpù báńkì yín fúnra yín bóyá owó ti wọlé. Ẹ má gba fọ́tò álààtì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni gbọ́. Ẹ fi ọ̀rá dí ìwé kí ẹ tó fi bébà wé e, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà ẹni tó fẹ́ gbà á sí ojú méjèèjì. Bó bá jẹ́ dráífà gáréèjì ló máa gbé e, ẹ gba nọ́ńbà rẹ̀ àti nọ́ńbà mọ́tò rẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ń dúró dè é.

Ẹ̀dà orí fóònù lè lọ sórí Selar, níbi tí èèyàn ti lè sanwó kó sì gba ìwé lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ẹ̀yin fúnra yín lẹ fẹ́ fi PDF ránṣẹ́, ẹ tẹ orúkọ ẹni tó rà á sísàlẹ̀ gbogbo ojú ìwé kí ẹ tó fi ránṣẹ́. Ojú máa ń ti èèyàn láti pín ohun tí orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀. Bí ẹ bá rí ìwé yín ní gúrúùpù kan tí wọ́n ń pín in lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ kọ́kọ́ kọ̀wé sí ádímìnì pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ni kò mọ̀ pé òǹkọ̀wé náà ṣì wà láàyè. Bí wọ́n bá ṣe orí kunkun, Òfin Ẹ̀tọ́ Òǹkọ̀wé ti 2022 fún yín lágbára láti ní kí ìkànnì tó gbé e síta yọ ọ́ kúrò.

Àwọn kan á sì máa kọ lẹ́tà sí yín lórí ímeèlì. Wọ́n á yin ìwé yín dé òkè ọ̀run, wọ́n á dárúkọ ẹ̀dá inú rẹ̀, wọ́n á ní àwọn ní ẹgbẹ́ òǹkàwé tó ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn. Ní lẹ́tà kẹta ni wọ́n máa tó dárúkọ owó. Ẹgbẹ́ òǹkàwé gidi kì í gba owó lọ́wọ́ òǹkọ̀wé kó tó ka ìwé rẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn pé kí ni Àdùkẹ́ rí lórí àtẹ̀gùn, kí wọ́n sì gba ìdáhùn wọn sílẹ̀ pẹ̀lú ohùn, ní Yorùbá. Àwọn tó kọ̀wé sí mi kò tún fèsì mọ́.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta

Ìwé á dákẹ́ díẹ̀. Ẹ má bẹ̀rù, ẹ má sì já owó rẹ̀ wálẹ̀. Ẹ padà sídìí nóòtìbúùkù, ẹ pe èèyàn márùn-ún lọ́sẹ̀ kan, kì í ṣe láti tajà, láti béèrè bí ara wọn ṣe le ni àti ibi tí wọ́n kà á dé. Ẹni tó bá ti kà á tán, ẹ béèrè ẹni kan tó rò pé yóò fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ kọ orúkọ yẹn sílẹ̀.

Nígbà tí mo kọ ìwé kejì tán, màmá tíṣà ni mo kọ́kọ́ ka ojú ìwé àkọ́kọ́ rẹ̀ fún, kí n tó gbé e dé ilé ìtẹ̀wé. Wọ́n gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní gbólóhùn kejì ti gùn jù, pé àwọn ti ń wo aago kó tó parí. Mo gé e kúrú, mo tún un kà, mo fi ránṣẹ́ padà. Wọ́n ní, “Ó yá, máa kà lọ.”